Oríkì Tí Gilbert Ò Gbọ́ Dé Ìparí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ tí a ti ń wá ìdáhùn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ọmọ ẹbí wa ní Ìbẹ̀fun ni Gilbert Fátókí. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ló bá ku òun àti ìyá bàbá rẹ̀, Fáyọ̀kẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá àgbà yìí ń gbìn, gàrí ló ń yan tà, gàrí náà ló sì rán Gilbert dé yunifásítì. Láràárọ̀, kí ó tó fún un lóúnjẹ, yóò kọ́kọ́ kì í: "Àjàgbé, ọmọ Fátókí, ọmọ a-jí-kí-oko, ọmọ a-rí-òjò-má-sá..." Oríkì náà gùn, oúnjẹ sì ti máa ń gba ọkàn Gilbert kí ìyá tó kì í dé ìparí. Nínú gbogbo ẹbí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tán.

1.

Lọ́dún 1984, Gilbert ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní yunifásítì wọn. Adébùsọ́lá, ọmọbìnrin tíṣà kan, ni wọ́n jọ ń du ú. Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan: nígbà ìsinmi, wọ́n á pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àgbà ilé olùdíje kọ̀ọ̀kan á dìde, á kì í lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó dìbò.

Inú ìyá àgbà dùn. Ẹni tí kì í wọ bàtà lọ ra bàtà tuntun.

"Àjàgbé, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kì ọ́ tán? Àbí wọ́n á ní ó ti tó?"

"Wọ́n á jẹ́ kí ẹ kì mí tán, Ìyá."

Àmọ́ ojú ń ti Gilbert. Ó wo ilà ojú ìyá náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná agbada ti bó, ló bá gba ilé Frederick Ṣóyẹmí lọ, kọngílá ọlọ́kọ̀ Pijó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ẹ bá mi dúró bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sà."

"Oríkì yín ńkọ́? Èmi ò mọ̀ ọ́n o."

"Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, sà."

Ìwọ̀nba tó rántí ló kọ. Ó padà délé, ó ní, "Ìyá, wọ́n ti sún ìpàdé náà síwájú."

2.

Bọ́dúnrìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ètò yìí. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó gba Ìbẹ̀fun kọjá lórí fẹ́sípà rẹ̀, ó rí ìyá nídìí agbada.

"Ìyá, ẹ ò tíì múra? Òní mà ni!"

Ìyá wọ bàtà tuntun, ó jókòó sẹ́yìn fẹ́sípà.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Ṣóyẹmí ti wà lórí ìdúró, ó ń kàwé. Ó dé "ọmọ a-rí-òjò-má-sá," ó yí ìwé síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan pariwo láti àárín èrò: "Bàbá, ṣé òjò ti pa ìyókù ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Àfi bí ohùn arúgbó kan ṣe gbà á láti ẹnu ọ̀nà, tó kì í, tó kì í, títí ó fi parí rẹ̀.

Adébùsọ́lá ló dìde. "Gilbert, ta ni Ìyá yìí?"

Tó bá jẹ́wọ́, ipò ti bọ́ nìyẹn. Gilbert wolẹ̀. "Ìyá tó ń ta gàrí fún wa ni."

Bọ́dúnrìn la ẹnu, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òótọ́ ló sọ," ni ìyá wí. "Gàrí ni mò ń tà fún wọn."

Ó bọ́ bàtà náà, ó gbé e lọ́wọ́, ó jáde.

Gilbert wọlé ìbò.

3.

Nígbà tó padà sí Ìbẹ̀fun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nídìí agbada.

"Ẹ káàbọ̀, Ààrẹ," ni ìyá wí. "Gàrí ò ní pẹ́ yan. Kóńgò mélòó lẹ fẹ́?"

"Ìyá, èmi Àjàgbé mà ni!"

"Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀yin oníbàárà mi."

Ó wọn kóńgò méjì, ó fi ènì sí i bó ṣe ń fi í fún gbogbo èèyàn. Títí ó fi kú lọ́dún 1987, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Àjàgbé mọ́, kò sì kì í mọ́.

Gilbert ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ìwé tí Ṣóyẹmí kà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pọ́n. Ìgbà tó ń ṣílé, ìgbà tó ń fọmọ fọ́kọ, ibi òjò yẹn náà ni ẹni tó ń kì í ń dúró sí. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbẹ̀rù dí mi létí lọ́jọ́ náà. Ohùn Ìyá ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń du ipò káàkiri, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Ọdún kan péré ni Gilbert fi ṣe ààrẹ. Ẹ má torí àwọn tó máa dìbò fún yín lónìí sẹ́ ẹni tó mọ̀ yín látilẹ̀. Ẹ lè tọrọ ìdáríjì, kí wọ́n sì dárí jì yín, síbẹ̀, kí ohun tí ẹ sọ nù má padà wá mọ́.

Ìbéèrè mi rèé o. Ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́dún 1984, tó rántí ohun tí ìyá arúgbó kan sọ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Àjàgbé ń retí.