Olùṣọ́ Tó Lé Elégbè

Àlọ́ mi yìí ń wá ẹni tí yóò gbè é. Ó dá lórí Ìjímèrè.

Nígbà tí iná jó igbó ọba, gbogbo ẹranko jọ tún igi òro àti àgbálùmọ̀ gbìn síbẹ̀. Ìjímèrè ń dá orin, wọ́n ń gbè é:

Igbó á tún hù o!
Tẹ̀rẹ̀nà!

Èhù yọ, wọ́n fi Ìjímèrè ṣe olùṣọ́. Ló bá lé gbogbo wọn jáde: “Ẹ má tẹ èhù mi mọ́lẹ̀!”

Àgbìgbò bẹ̀ ẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, inú ikùn wa ni hóró igi ti ń rìnrìn àjò.” Kò gbọ́.

Igi dàgbà, ó so. Èso jábọ́, ó jẹrà sídìí ìyá rẹ̀. Èhù kan ò tún yọ. Ìjímèrè gun orí àgbálùmọ̀, ó dá orin:

Igbó á tún hù o!

Ó ń retí elégbè. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a gbè é.