Ìgbòkun Màmá

Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti di èbúté wa láti ìgbà tí omi ti bo ìlú, la ti ń tún ọkọ̀ ojú omi wa ṣe. Ihò ara rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹja ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń kí wa, ó ń gba òmíràn jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Akíngbadé fi ọ̀dà dí gbogbo rẹ̀. Ìgbòkun tó ya ló kù, òrùlé náà á sì rì lọ́la.

Màmá wa fa aṣọ funfun tó ti ń tọ́jú fún ìsìnkú rẹ̀ yọ. "Ẹ fi èyí lẹ̀ ẹ́."

Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ìhòòhò lẹ fẹ́ lọ bá Bàbá lọ́run ni?"

"Ìwọ ẹlẹ́fẹ̀ yìí, fi ilẹ̀ tí o máa sin mí sí hàn mí ná."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo gba abẹ́rẹ́.