Àmì Mẹ́ta Tó Kù fún Etí-Irin

Ariwo irin ló jẹ etí wẹ́dà kan. Ogún ọdún ló fi ń gé irin géètì láìfi nǹkan kan dí etí, torí ó ní akin kì í sá fún ariwo. Nígbà tí àwọn dókítà wá gbin ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sábẹ́ awọ orí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irin tó bà á jẹ́ náà ló tún un ṣe.

Ẹ̀rọ náà ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Tó bá ti so ó mọ́ eré orí fóònù rẹ̀, ohùn àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré nìkan ló ń wọ etí rẹ̀, ti inú ilé kì í wọlé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti béèrè rí bí èèyàn ṣe ń wọ eré yìí. Wẹ́dà ṣàlàyé fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, ó rò pé kò yé e.

Jagunjagun ọjọ́ iwájú ló ń ṣe nínú eré náà, Etí-Irin lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fi irin pààrọ̀ ẹ̀yà ara á pàdánù nínú àmì ènìyàn tó ní. Tí àmì náà bá tán, ó ti di ẹ̀rọ nìyẹn, Adarí Eré, ẹni tó ń ṣe àkóso wọn, á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Etí-Irin ti pààrọ̀ apá, ojú àti ọkàn. Àmì mẹ́ta ló kù fún un.

Òfin wọn ni pé ohùn ẹ̀rọ ni kí gbogbo wọn máa lò, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ohùn ẹnì kejì mọ̀. Adarí tuntun tó dé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ilé ló máa ń béèrè. Wẹ́dà a sì máa fún un lésì pé kò sí ọkọ tó ń gbọ́ tẹnu ìyàwó tó òun, ṣebí etí òun ń jẹ iná mànàmáná.

Lọ́sàn-án Sátidé yìí, bó ṣe wà nínú eré, ìyàwó rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Aṣọ tó ti ká wà lọ́wọ́ rẹ̀; wẹ́dà rò pé àpótí aṣọ ló ń tún tò. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na àtàǹpàkò sókè. Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí Adarí fi wọlé sínú eré.

"Etí-Irin, ìbéèrè kan péré. Tó o bá rí i dáhùn, èèyàn ṣì ni ọ́. Kí ni ìyàwó rẹ sọ fún ọ kẹ́yìn?"

Ẹ̀rín pa wẹ́dà. Ó ní búrẹ́dì ni ó ní kí òun má gbàgbé rà, òun sì dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un.

Adarí ní: "Òdo. Etí-Irin ti tán."

Ó dun wẹ́dà wọra. Ọdún méjì ló fi tọ́ Etí-Irin. Ó fàáké kọ́rí pé ìrẹ́jẹ ni, òun kò ní gbà.

"Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni? Ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe búrẹ́dì?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ìyàwó rẹ̀ jáde, báàgì lọ́wọ́ kan, fóònù lẹ́nu, bí ètè rẹ̀ sì ti ń mì ni ohùn ẹ̀rọ Adarí ń wọ etí wẹ́dà: "Èmi ni mo sọ ọ́, mo ní mò ń lọ sílé ìyá mi, àmọ́ tó o bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ."