Àgádágodo Lára Suwíìṣì Ńlá

Oníṣẹ́ iná pa suwíìṣì ńlá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó fẹ́ lọ pààrọ̀ àpótí fíúsì ní yàrá.

Ìyá onílé na àgádágodo sí i. "Fi tì í."

"Àwa méjì nìkan la wà nílé, Màmá."

"Fi tì í. Fi kọ́kọ́rọ́ sápò."

Ó tì í. Ó wọ yàrá lọ, ó fi tẹ́sítà kan wáyà. Kò síná níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó jáde wá mú irinṣẹ́, ìyá ṣì wà nídìí suwíìṣì, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ta lẹ wá ń ṣọ́, Màmá?"

"Ara mi ni. Iṣẹ́ yìí ni bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe ní yàrá lọ́jọ́ tó kú. Mo wọlé, mo bá suwíìṣì ní pípa. Mo ṣebí ẹnìkan ló ṣèèṣì pa á."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó ń wò ó.

"Èyí ni mo fi tan án."