Táyà Ọ̀nà Ọ̀dà

Aránṣọ ti ń fura kí wọ́n tó dé ìsọ̀ fọganáísà. Onípákó, ọkùnrin rẹ̀, kì í pààrọ̀ táyà alùpùpù àfi tó bá bẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó ní òun fẹ́ tuntun, tiwájú tẹ̀yìn. Aránṣọ ní òun á bá a lọ. Ó fa ìborùn bo iwájú orí, ó sì jókòó sẹ́yìn òkìtì táyà.

Fọganáísà gbé méjì kalẹ̀. "Èyí tó ní ìlà gbọọrọ, tiwájú nìyẹn, òun ló ń mọ̀nà. Tẹ̀yìn fẹ̀, òun ló ń ru ẹrù. Ọ̀gá, ọ̀nà wo lẹ ń rìn? Ẹrẹ̀ àbí ọ̀dà?"

Aránṣọ yára dáhùn. "Ọ̀nà igbó pákó ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn lópin ọ̀sẹ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gbé mọ́tò mì."

"Ìyàwó wa, táyà eléyín gíga ló bá a mu nígbà náà. Èyí tó dán, ti ọ̀dà ni."

Onípákó wúkọ́. "Rárá. Èyí tó dán yìí ni kó o bá mi fi sí i."

Fọganáísà fi irin pẹlẹbẹ yọ táyà ẹ̀yìn àtijọ́ kúrò lára rímù, ó fọwọ́ pa á. Àárín rẹ̀ ti jẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ò tíì jẹ rárá.

"Ẹrẹ̀ kì í jẹ táyà báyìí o. Ọ̀dà ló ṣe èyí, ọ̀dà gbalasa. Alùpùpù ò mọ irọ́ pa. Kò níyàá tó máa kọ́ ọ."

"Táyà ni mo ní kó o fi. Mi ò pè ọ́ wá jẹ́rìí."

Fọganáísà rẹ́rìn-ín. Ó fi omi ọṣẹ pa etí rímù, ó wo ọfà ara táyà tó ń tọ́ka ibi tó máa yí sí kó má baà fi í sódì, ó sì fún un ní afẹ́fẹ́. Ó ṣe tiwájú náà bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ abẹ́ mọ́dígáàdì wò. Ẹrẹ̀ ò sí níbẹ̀, gbígbẹ pàápàá. Nítorí ọkùnrin yìí ni ìyá tó bí i ò ṣe bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá pàdánù rẹ̀, ta ló kù?

"Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ejò nínú," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Obìnrin wo lẹ ń lọ bá?"

"Ọlọ́pàá mi, o kú iṣẹ́! Igbó ni mò ń lọ, òjò ti ṣú."

Ó gun alùpùpù, ó lọ. Ní oríta, ọ̀nà igbó yà sósì. Onípákó yà sọ́tùn-ún, ó bọ́ sórí ọ̀dà.

Fọganáísà náà rí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ṣé ẹ mọ ilé obìnrin ọ̀hún?"

Aránṣọ mọ̀ ọ́n dáadáa: òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó tí obìnrin náà wọ̀ wọ ilé ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí aya onípákó, kí ọkùnrin náà tó wá máa búra fún Aránṣọ pé òun àti ìyàwó òun ti pínyà.