Twi Ìyá Mísbáù

Lónìí ni ìyá ìyàwó Mísbáù ń bọ̀ nílé wọn ní Alajo láti Kùmásì.

Ìyá Mísbáù ò gbọ́ Twi, èdè àna ẹ̀, rárá. "Ṣé kí n wá jókòó bí odi níwájú àna mi ni? Tóò!"

Láti ìgbà ààwẹ̀ ni rédíò Twi ti ń ké sí i létí, bó ń dáná, bó ń sùn. Wọ́n ní èdè á wọra fúnra ẹ̀.

Àna wọlé, ó jókòó. Ìyá lanu, Twi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀, torin-torin!

Mísbáù fọwọ́ bojú: "Ìyá, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lẹ ń polówó fún wọn yẹn o!"



Àna rọra dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Ìyá, ó fi Yorùbá dáhùn tìfẹ́tìfẹ́:

"Àjẹ́ burúkú! Àṣírí ẹ tú lónìí!"

Fíìmù Yorùbá lòun náà ti ń wò ní Kùmásì.