Gbogbo Ikú Akújí

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá ní kí wọ́n fi fíìmù sí i fún òun. Ọmọbìnrin rẹ̀, aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí igun pálọ̀ kó lè máa mójú tó o, béèrè èyí tó fẹ́.

"Èyíkéyìí tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ti kú níbẹ̀."

Ìyẹn ò ṣòroó rí. Ikú niṣẹ́ àkọ́bí Màmá nínú fíìmù. Wọ́n ti yìnbọn fún un, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ, ó ti já sódò, ògiri ti wó lù ú. Ìdí nìyẹn táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Akújí. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán tán, á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ṣòkòtò dà nù, á sì béèrè ibi tí oúnjẹ wà.

Nígbà òjò tó kọjá, ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ takìtì, kò sì dìde mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Màmá wà lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ń ṣe ségesège. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ìròyìn tó le, pé bó bá gbọ́ ọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkú méjì ni wọ́n máa sin. Àwọn ọmọ sin ẹ̀gbọ́n wọn sílùú tó jìnnà, wọ́n nu ojú, wọ́n wá sọ fún ìyá wọn pé iṣẹ́ fíìmù ti gbé e lọ sókè òkun. Látìgbà náà, ọkàn aránṣọ ò balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á sáré lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, á fìka lé ètè.

Ohun tó sì ń dà á láàmú jù ni fíìmù wọ̀nyí. Tẹ́lẹ̀, Màmá kì í lè wo ibi tọ́mọ rẹ̀ ti ń kú. Á bọ́ sí ilé ìdáná, á pè é lórí fóònù, á bú u dáadáa pé kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Ní báyìí, kì í dìde. Á wò ó dópin, omijé á máa dà wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n fi sí i, ṣe ni á máa yí lórí àga bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.

Lọ́jọ́ náà, fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ wò, èyí tí àwòrán rẹ̀ ń ṣe wúruwùru. Akújí ṣe sójà níbẹ̀. Ọta bà á láyà, ó wá ń dágbére fún gbogbo ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù," ni Màmá wí, ó ń fi etí aṣọ nujú. "Ẹni tó ń kú kì í wàásù."

"Kò tíì mọṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn, Màmá."

"Fi tuntun sí i. Èyí tí wọ́n ti yìnbọn fún un ní báǹkì. Kò sọ nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn ṣubú. Ìyẹn dáa."

Wọ́n wo ìyẹn náà. Màmá sunkún débi pé aránṣọ pa ẹ̀rọ tì, ó lọ jókòó tì í.

"Màmá, eré mà ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé wọ́n ní kéèyàn má sunkún eré ni?"

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Àbúrò aránṣọ ni, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò kejì. Ohùn òun àti olóògbé ò yàtọ̀, ó sì máa ń fi aṣọ bo ẹnu fóònù kó lè dà bíi pé ọ̀nà jìn.

"Màmá, Akújí yín nìyí. Mo wà o, ara mi le."

"O kúuṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Má jẹ ata o, nítorí inú ẹ." Ó dá fóònù padà.

Onígbàjámọ̀ ló ní ọgbẹ́ inú. Akújí ní tiẹ̀ kì í sá fáta. Aránṣọ gbà pé àìsàn ti ń jẹ́ kí ìyá òun máa da àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn ún gan-an.

Wàhálà gidi dé nígbà tí fíìmù tí Akújí ṣe kẹ́yìn jáde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, ló ròyìn rẹ̀ fún Màmá kó tó rántí pé kò yẹ kóun sọ ọ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Màmá ní òun fẹ́ wò ó. Aránṣọ sì mọ̀ pé bí fíìmù náà bá parí, àwòrán Akújí máa jáde pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Màmá mọ̀wé kà.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ní tẹlifísọ̀n ti bàjẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí ní ilé ìdáná.

"Á ní ká jọ lọ wò ó nílé Tíṣà. Ìwọ dúró ti wáyà. Tó bá ti kú tán, tórin bẹ̀rẹ̀, fà á yọ."

"Tí wọ́n bá béèrè ńkọ́?"

"Iná lọ nìyẹn."

"Tiwa nìkan?"

"Ṣáà fà á yọ."

Tíṣà náà wá, ojú ń tì í. Nínú fíìmù yìí, kò síbọn, kò sódò. Akújí ṣe bàbá arúgbó kan tó sùn lórí àga, tí kò jí mọ́, ọmọ rẹ̀ wọlé, ó rọra fi aṣọ bò ó. Màmá ò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ gbọ́mọ, ó pe orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ẹkún náà sì gba gbogbo ara rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fa wáyà yọ.

"Iná ti lọ," ni aránṣọ wí. Fáànù ń yí lórí wọn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Mo ti rí tèmi."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ wọ ilé ìdáná, wọ́n di ara wọn mú, inú wọn dùn pé àwọn ti bọ́. Tíṣà mú Màmá jáde sí fàráńdà kó lè gba atẹ́gùn, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ẹ gba sùúrù, Màmá. Fíìmù lásán ni. Ọmọ yín ò kú."

"Tíṣà," ni Màmá wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, "orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n rò pé mo sùn, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ fún wọn, torí bí wọ́n bá mọ̀ pé mo mọ̀, nítorí ọkàn mi yìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wo fíìmù kankan mọ́, níbo ni mo ti wá fẹ́ rí àyè sunkún ọmọ mi?"